Ẹṣin Tó Kọ Ẹ̀yìn sí Mi

                                        Ilé Kinue Hoshikawa,
                                        Abúlé Sawabata,
                                        Yamagata.
                                        Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2026.

Yae ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí a jọ ká eyín,

O kú ọdún o. O kú òtútù, o kú ìnira yìnyín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbọ́ pé ti Sendai tiyín kò ju ìyẹ̀fun tí wọ́n ń bù wọ́n mochi, àkàrà ìrẹsì ọdún wa, lọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti gbà fún ọ láti gun àtẹ̀gùn? Mitsuyo ọmọ rẹ ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ tó máa ń sáré jẹun bí ẹni tí ọkọ̀ ojú irin fẹ́ fi sílẹ̀, ṣé ara rẹ̀ le? Ológbò yín olójú kan ńkọ́? Tiwa níbí, a dúpẹ́. Yìnyín ti dé ojú fèrèsé. Ìbàdí ń ro mí, ṣùgbọ́n ẹnu kò ro mí, ohun tó sì ń dun Hatsumi ìyàwó ọmọ mi nìyẹn. Ó ní kí òun bá mi fi ẹ̀rọ kọ lẹ́tà yìí. Mo ní rárá. Lóòótọ́ n kò pẹ́ nílé ìwé, nítorí àwọn àbúrò wà nílẹ̀ tí mo ní láti pọ̀n. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú mi yìí, n kò fẹ́ kí ó gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá. Ibi tí ọwọ́ mi bá ti wọ́, kí o fara balẹ̀ kà á.

Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí n má baà fi ìkíni bò ó mọ́lẹ̀. Inú ń bí mi sí ọ, Yae. Láti àárọ̀ ọjọ́ ọdún ni inú ti ń bí mi. Ó ti rọlẹ̀ díẹ̀ báyìí, ìyẹn ni mo ṣe lè mú bírò, ṣùgbọ́n n kò ní sọ apá tó rọlẹ̀ kí n tó sọ apá tó gbóná.

O mọ̀ mí ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún. N kì í jókòó. Mo ti gbá ẹnu ọ̀nà, mo ti yan mochi, mo wá dúró síta nínú yìnyín tí mo ń retí onílẹ́tà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ ọjà. Nígbà tó gbé ìdì káàdì ọdún lé mi lọ́wọ́, mo mọ̀ ọ́n lára pé kò wúwo mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wa ń kú, àwọn tí kò kú sì ń fẹ̀yìn tì. Sadae ti òkè odò kọ ọ́ sínú tirẹ̀ pé ogbó ti dé, pé káàdì ti ọdún yìí ni ìkẹyìn tí òun yóò fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, kí n má bínú. Ìyàwó olóògbé olùkọ́ wa náà kọ irú rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ lọ tẹ tiwọn ní ilé ìtẹ̀wé, lẹ́tà rẹ̀ gún régé, bí ẹni ń fi ẹ̀rín lé àlejò síta. Bí mo ṣe ń kà wọ́n ni mò ń sọ fún ara mi pé kò burú, kí kálukú máa lọ, Yae ṣì wà níbẹ̀.

Mo wá kan tìrẹ.

Ó lẹ́wà. Mo ti sọ ọ́, n kò ní tún un sọ. Yíǹkì pupa tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ di àwọ̀ àlùkò. Àwọn igi kéékèèké tí wọ́n fi òǹtẹ̀ rọ́bà tẹ̀ yí etí káàdì ká. Ìyẹ̀fun wúrà lórí gọ̀gọ̀ ẹṣin, ẹran tó ni ọdún yìí, àti yìnyín funfun tí wọ́n fọ́n sí i, àfi bí ẹni pé ó ń bọ́ lóòótọ́. Etí ẹṣin náà mú bí abẹ́rẹ́. Kò sí ọ̀dùnkún kan lábẹ́ ọ̀run tí a lè gbẹ́ ṣe òǹtẹ̀ tí yóò tẹ irú etí bẹ́ẹ̀ jáde. Mo yí i padà, mo ka ohun tí o kọ. O ní Ìyáàfin Minegishi tó ń kọ́ yín ní gbọ̀ngàn àwọn àgbà ló fi hàn ọ́ bí wọ́n ṣe ń gé àwòrán lára bébà líle, kí wọ́n tó fi fóòmù tẹ yíǹkì gba inú ihò rẹ̀. O ní ọwọ́ wúrà lọ́wọ́ rẹ̀. O wá ní, "Ní gbogbo Ọjọ́rú ni a jọ ń ṣe é."

A jọ. Yae, a jọ! Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Ṣé kì í ṣe èmi àti ìwọ la jọ ń ṣe é láti kékeré?

Àbí o ti gbàgbé ọjọ́ tí olùkọ́ ní kí oníkálukú mú ọ̀dùnkún kan wá láti ilé, kí a fi gbẹ́ òǹtẹ̀ káàdì ọdún? Ìyá mi ní ọ̀dùnkún kì í ṣe ohun ìṣeré, pé ebi kò tíì kúrò nílùú. Mo wá sílé ìwé lọ́wọ́ òfo, mo sì gbé imú sókè kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí. Ìwọ kò bi mí. O gé tìrẹ sí méjì, o ti ìlàjì sí iwájú mi, o ń wo ibòmíràn. Ìlàjì ọ̀dùnkún kan náà ni, Yae! Nígbà tí a tẹ ẹran tó ni ọdún náà, tìrẹ kọjú sí òsì, tèmi kọjú sí ọ̀tún. Olùkọ́ lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ní, "Ẹ wo àwọn méjì yìí bí wọ́n ṣe ń ṣòfófó." Lẹ́yìn náà a se ọ̀dùnkún náà, a jẹ ẹ́ tòun ti yíǹkì, ahọ́n wa pọ́n wẹ̀ẹ̀, ìyá rẹ sì rò pé àìsàn ti wọlé.

Láti ìgbà náà, ọdún ehoro ni o, ọdún ẹkùn ni o, ọdún ejò ni o, tìrẹ a máa wo òsì, tèmi a máa wo ọ̀tún. Mo máa ń fi ẹyọ kan pamọ́ nínú tèmi. Bí tìrẹ bá ti dé, màá gbé méjèèjì sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ọkọ mi, tèmi lápá òsì, tìrẹ lápá ọ̀tún, wọn a máa wo ojú ara wọn títí ọdún yóò fi yí. Nígbà ayé rẹ̀, ọkọ mi a máa ní pé níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjì yẹn bá wà lórí pẹpẹ, ilé òun kò nílò rédíò.

Lọ́dún yìí mo gbé ẹṣin tèmi síbẹ̀, mo gbé tìrẹ tì í. Ìdí ni ẹṣin rẹ kọ sí tèmi. Ẹṣin mi ń wo ìrù. Mo ní bóyá ojú mi ni, mo pààrọ̀ àyè wọn. Tìrẹ wá ń wo ìrù tèmi. Bí mo ṣe gbé e, bí mo ṣe sọ̀ ọ́, ọ̀kan ń sá lọ, ọ̀kan ń lé e.

Mo jókòó sídìí tábìlì tó ní iná lábẹ́, mo fa aṣọ rẹ̀ bo ẹsẹ̀, síbẹ̀ òtútù mú mi. Mo ní, Sadae fi ọ̀rọ̀ ẹnu fẹ̀yìn tì, Yae fi ìdí ẹṣin fẹ̀yìn tì. Nígbà tó yá mo tún ní, rárá, kì í ṣe Yae ló gé èyí. Minegishi ló gé e. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, ó yí ojú ẹṣin rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo ti rí obìnrin náà lójú inú: onírun dídán, asọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí èékánná rẹ̀ kò rí erùpẹ̀ rí. Mo mú káàdì rẹ, mo kì í sábẹ́ àpò ìrẹsì.

Bàbá Genzo, tí o kọ̀ láti fẹ́ nígbà tó ṣì nírun lórí, wá kí wa kú ọdún bí ìṣe rẹ̀, ìyẹn ni pé ó wá mu ọtí ìrẹsì wa. Kò tíì jókòó tán tó ti gbójú sókè sí pẹpẹ.

"Ti Yae ńkọ́? Àbí kò dé lọ́dún yìí?"

"Ó dé."

"Níbo ló wà?"

"Ó ń sùn."

Hatsumi, tí kò mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn dákẹ́, ti rí i nígbà tó ń bu ìrẹsì. Ó ní, "Bàbá, abẹ́ àpò ìrẹsì ló ń sùn sí." Ó sì lọ gbé e jáde, ó nù ún pẹ̀lú ọwọ́ aṣọ rẹ̀.

Genzo gbé e sún mọ́ ojú, ó súfèé. "Háà! Ẹṣin rèé! Wo gọ̀gọ̀! Ṣùgbọ́n Kinue, ẹṣin yìí ń lọ o. Ó ti kọjú sí Sendai, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn."

"Mu ọtí rẹ."

"Àbí owú ni? Ní ọjọ́ orí wa yìí? O ń ṣe bí ẹni tí wọ́n gbé orogún wọlé bá."

"Orogún sàn," ni mo dá a lóhùn. "Orogún ń gbé inú ilé kan náà, èèyàn á lè máa ṣọ́ ọ. Èyí wà ní Sendai tó ń jẹ ìpín mi láti òkèèrè."

Ó rẹ́rìn-ín títí ọtí fi gba imú rẹ̀ jáde. Mo gbádùn ìyẹn díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ, mo dá káàdì náà padà sábẹ́ àpò ìrẹsì, mo sì búra pé n kò ní kọ̀wé sí ọ mọ́.

Ìbúra náà kò pẹ́. Kí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ṣí lẹ́yìn ìsinmi ọdún, mo ti ń ro nǹkan mìíràn. Kí ni Minegishi ní tí èmi kò ní, yàtọ̀ sí Ọjọ́rú? Bí ó bá jẹ́ bébà gígé ni, èmi náà ní ọ̀bẹ. Màá gé ẹṣin tí yóò jẹ́ kí ti Minegishi dà bí ewúrẹ́ tí òjò pa, màá fi ránṣẹ́ sí ọ, kí o gbé e dání ní Ọjọ́rú, kí ojú tì ọ́ níwájú rẹ̀. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú. Mo ra bébà líle, mo ra fóòmù kéékèèké, mo ra yíǹkì pupa àti ti àlùkò, mo sì ra ìyẹ̀fun wúrà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú mi. Ọmọbìnrin tó ń tajà bi mí pẹ̀lú ẹ̀rín, "Màmá, ṣé fún ọmọ-ọmọ yín ni?"

Mo ní, "Fún ogun ni."

Yae, iṣẹ́ yẹn le. Jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ọ. Mo ya ẹṣin náà, mo gé ojú rẹ̀, mo gé imú, mo gé gọ̀gọ̀ yí orí ká. Mo gbé bébà sókè kí n wò ó sí iná, orí ẹṣin jábọ́ sórí itan mi. Mi ò mọ̀ pé a kì í gé e yíká tán, pé ó yẹ kí èèyàn fi afárá tín-ín-rín sílẹ̀ níbì kan tí yóò di orí mú. Ta ni ì bá sọ fún mi? Ìwọ rí ẹni sọ fún ọ. Genzo tó wá yá ṣọ́bìrì rí i nílẹ̀, ó ní, "Ẹṣin aláìlórí! Ọdún yìí á dùn o." Mo sọ fóòmù lù ú.

Mo gé òmíràn. Èyí ní orí. Mo ki fóòmù bọ yíǹkì, mo fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ bí a ṣe ń tẹ ọ̀dùnkún. Yíǹkì yọ́ wọ abẹ́ bébà, nígbà tí mo ṣí i, ẹṣin ti lóyún. Hatsumi dúró lẹ́yìn mi.

"Màmá, ẹ kọ́kọ́ fi fóòmù yẹn gbá ìwé ìròyìn àtijọ́, kó gbẹ díẹ̀. Ẹ wá máa fi kàn án wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́."

"Ta ló bi ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí, Màmá. Ìwé ìròyìn rèé."

Mo lò ó nítorí pé ó ti wà níwájú mi. Mo fi fóòmù kàn án wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, pupa láti ìsàlẹ̀, àlùkò láti òkè. Mo rò pé báyìí ni o ṣe jókòó, tí obìnrin yẹn dúró lẹ́yìn rẹ, tó ń sọ pé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Ìyáàfin Yae, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Owú náà gbóná débi pé yíǹkì ì bá gbẹ lórí rẹ̀. Nígbà tí mo rò pé ó tó, mo fi èékánná ká bébà kúrò.

Ó dára. Mo búra fún ọ, ó dára. Ṣùgbọ́n òsì ni ẹṣin náà kọjú sí.

"Hatsumi! Ta ló fọwọ́ kan bébà mi?"

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

"Ẹṣin mi kì í wo òsì. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi n kò tẹ ẹran tó wo òsì rí. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan yí i padà."

Ó wo káàdì, ó wo bébà gígé, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ bo ẹnu. "Màmá, ẹ̀yin náà ni. Òsì ni ẹ gé e sí. Bébà yìí kì í yí àwòrán padà bí ọ̀dùnkún. Ohun tí ẹ bá gé náà lẹ máa rí."

Ṣé o mọ ọwọ́ wa, Yae. Ọwọ́ wa kò béèrè nǹkan lọ́wọ́ wa mọ́. Bí a bá fẹ́ kí ẹran wo ọ̀tún, òsì ni a ń gbẹ́ ẹ sí lára ọ̀dùnkún, nítorí òǹtẹ̀ a máa yí ohun gbogbo padà. Mo dìde tìbàdí tìbàdí, mo lọ sídìí àpò ìrẹsì, mo fa káàdì rẹ jáde, mo gbé e sórí tábìlì.

Mo wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. O fẹ́ kí ẹṣin rẹ wo òsì, bí ti àtẹ̀yìnwá. Ọwọ́ rẹ sì gé e sí ọ̀tún, bí ti àtẹ̀yìnwá. Kò sẹ́ni tó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ. Minegishi kò lè ṣi irú rẹ̀ ṣe láéláé, pẹ̀lú ọwọ́ wúrà rẹ̀. Ẹni tí kò bá ti ara ọ̀dùnkún kọ́ iṣẹ́ yìí, kò sí bí yóò ṣe mọ ọ̀nà tí a ń gbà sọnù síbẹ̀. Ìyẹ̀fun wúrà, kí ó jẹ́ ti Minegishi. Etí mímú náà, mo fi sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n àṣìṣe yẹn, tiwa ni. Ìlàjì tìrẹ, ìlàjì tèmi.

Bóyá mo rẹ́rìn-ín ni o, bóyá mo sunkún ni o, n kò ní sọ fún ọ. Hatsumi gbé tíì wá, ó gbé e tì mí. Nígbà tó yá ló ní kí n dojú bébà gígé náà délẹ̀, kí n tún un tẹ̀, pé kíá lẹṣin á yí sí ọ̀tún. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Má rò pé owú náà ti tán o. Owú kì í ṣe ibà tí èèyàn ń làágùn kó lọ. Ní Ọjọ́rú, bí o bá jókòó ti obìnrin yẹn, kí o rántí pé ẹnì kan wà ní Sawabata tí yìnyín ká mọ́lé, tí kò sẹ́ni tó ń sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún àfi ìyàwó ọmọ rẹ̀. Kò sì burú bí o bá sọ fún un pé èmi ni mo kọ́kọ́ rí ọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ ọ́, èmi tí n kì í bẹ̀bẹ̀. Bí o bá fẹ́ fẹ̀yìn tì bíi Sadae, fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún mi, má rán ẹran sí mi. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, tètè kọ̀wé pé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìrẹsì inú àpò náà ti ń lọ sílẹ̀, n kò ní ibi tí màá tún máa fi nǹkan pamọ́ sí.

Bá mi kí Mitsuyo àti ọkọ rẹ̀. Hatsumi kí ọ. Genzo ní kí n sọ fún ọ pé òun ṣì wà, bí ẹni pé ẹnì kan béèrè. Mo di èso kakí tí mo sá sábẹ́ òrùlé mọ́ lẹ́tà yìí. Fún Minegishi ní ọ̀kan. Èyí tó kéré jù, tí mo fi okùn pupa so, ni tirẹ̀.

Káàdì tuntun tí mo tẹ̀ yìí wà nínú lẹ́tà náà. Àwọn ọjọ́ ọdún ti kọjá, kò yẹ kí n tún kọ ọ̀rọ̀ ọdún sára rẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe kọ "o kú òtútù." Ẹṣin mi ń wo òsì níbẹ̀. Mo mọ̀ pé o fi ẹyọ kan pamọ́ nínú tìrẹ, nítorí bí o ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Gbé tìrẹ sí àyè tèmi lápá òsì, gbé tèmi sí àyè tìrẹ lápá ọ̀tún. A kàn pààrọ̀ ìjókòó ni. Jókòó, wò wọ́n dáadáa, kí o wá sọ fún mi bóyá èyíkéyìí nínú ẹṣin méjèèjì ń lọ síbì kan.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ àkọ́kọ́, tí kò tíì fi ipò sílẹ̀,

Kinue